Kí Wọ́n Tó Pààrọ̀ Oríkèé Orúnkún Tàbí Ìbàdí: Iṣẹ́ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà fún Aláìsàn àti Ará Ilé

Gbẹ́rẹ́ tuntun kan ṣoṣo lórí orúnkún tó láti mú kí dókítà eegun dá aláìsàn padà sílé lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín tó ti jẹrà, eéwo abẹ́ àbíyá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó bó, tàbí ìtọ̀ tó ń ta èèyàn. Àwọn ará ilé máa ń bínú: a ti yá owó, a ti háyà mọ́tò láti Ìsánlú ní Kogi, wọ́n wá ní nítorí eyín. Ṣùgbọ́n dókítà yẹn mọ ohun tó ń sá fún.

Irin àti ike líle ni wọ́n ń fi rọ́pò oríkèé tó ti jẹ, àwọn méjèèjì kò sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà kò lè débẹ̀ dáadáa, oògùn náà kò sì ní ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Kòkòrò tó bá ti ẹnu, awọ ara tàbí ilé ìtọ̀ bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tó wá bà lé irin náà, á fi ohun yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò omi tí a kò fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ da omi sí ìkòkò yẹn títí, kò ní lọ. Àfi kí a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí a fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á. Ti inú orúnkún, kí a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ túmọ̀ sí pé kí wọ́n tún un là, nígbà míì kí wọ́n yọ irin náà jáde pátápátá. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìmúrasílẹ̀ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, tí ìyókù sì jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣan ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀, àti ilé tí aláìsàn ń padà sí.

Oríṣi èèyàn méjì ló sábà máa ń nílò iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni àwọn àgbà tí làkúrègbé ti jẹ orúnkún wọn tán lẹ́yìn ọdún gbọọrọ nínú oko iṣu. Èkejì ni àwọn ọ̀dọ́ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun itan wọn mọ́, tí orí egungun náà sì ti kú, tó ti wó lulẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ ó bi dókítà kí ẹ tó san owó

Láti ìwọ̀-oòrùn Kogi, àwọn kan ń gba Òmù-Àrán lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ìlọrin, àwọn míì ń lọ sí Àbújá, àwọn tó ní ọmọ ní Èkó sì ń lọ sí ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì. Ibi yòówù kí ẹ yàn, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀.

Ṣé owó irin wà nínú iye tí ẹ pè, àbí ọ̀tọ̀ la ó rà á? Ṣé gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà? Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe dún lọ. Irin oríkèé ní nọ́ńbà bíi bàtà. X-ray máa ń fi nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn hàn, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá la ẹsẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ dájú. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹni tó ń ta á gbé wá, wọ́n lè fi èyí tí kò bá ẹsẹ̀ mu sí i.

Ẹ tún béèrè iye páìntì ẹ̀jẹ̀ tí a ó wá sílẹ̀, oògùn tí wọn yóò fún yín kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lẹ́sẹ̀ àti iye ọjọ́ tí ẹ ó lò ó (ti ìbàdí sábà máa ń tó ọjọ́ 35, ti orúnkún kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀), àti ẹni tí yóò tú okùn ọgbẹ́. Bó bá jẹ́ ìbàdí ni, ẹ béèrè bóyá ẹ̀yìn ni wọ́n máa gbà wọlé tàbí iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́, torí èyí ló ń pinnu irú ìjókòó tí wọn yóò kà léèwọ̀ fún yín.

Bí wọ́n bá ti gún yín ní abẹ́rẹ́ sínú oríkèé náà láti pa ìrora, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n gún un. Ó yẹ kí oṣù 3 kọjá kí wọ́n tó la ibẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ yẹn ń mú kí kòkòrò tètè gbilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú iṣẹ́ abẹ: ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, ìfúnpá, eyín

Ẹ ṣe àyẹ̀wò báyìí, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tó wà ní Yàgbà lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, kí ó sì gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n máa ti ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ṣáájú bóyá wọn yóò gba èsì ibòmíràn.

PCV, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ara hàn, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. A fẹ́ kí ti ọkùnrin sún mọ́ 39, kí ti obìnrin tó 36 ó kéré tán. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 29 ló máa ń gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè jinná. Bí ó bá kéré, kí dókítà wá ohun tó ń fà á: oògùn ìrora tí a ti ń lò látọdún mẹ́wàá lè ti dá ọgbẹ́ sínú ikùn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn tó ní irin nínú, ẹ fi omi ọsàn gbé e mì. Ẹ má fi tíì tàbí mílíìkì gbé e, torí wọn kì í jẹ́ kó wọ ara. Ìgbẹ́ á dúdú, kò burú. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni ẹ̀jẹ̀ fi ń gòkè dáadáa. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 sí iṣẹ́ abẹ kàn ń tan ara rẹ̀ ni.

Alátọ̀gbẹ, ẹ béèrè àyẹ̀wò ṣúgà oṣù 3 tí wọ́n ń kọ ní HbA1c. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ la ẹni tí tirẹ̀ ti kọjá 8. Ṣúgà àárọ̀ ọjọ́ kan tó dára kò tó, torí ẹnikẹ́ni lè fi ebi pa ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó wà nísàlẹ̀ 160/100 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Bí ó bá lé ní 180/110 lọ́jọ́ náà, wọn yóò sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Ẹ lọ bá dókítà eyín, kódà bí eyín kò bá dùn yín. Eyín tí wọ́n máa yọ, kí wọ́n yọ ọ́ báyìí kí ibẹ̀ jinná. Ẹni tó ń fín áásáà tàbí tó ń mu sìgá, kí ó jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán: tábà máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, etí ọgbẹ́ kì í sì í lẹ̀ pọ̀ bó ṣe yẹ.

Àpò nylon oògùn

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú àpò nylon kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà tí yóò kun yín lóorun. Gbogbo rẹ̀ ni a wí: àgbo inú ike, àgúnmu, oògùn alápòpọ̀ tí oníkẹ́míìsì ń dì sínú ìwé, títí kan àwọn kápúsù tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹ má tijú.

Oògùn alápòpọ̀ yẹn ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù. Nínú èyí tó ń jẹ́ kí orúnkún fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sábà máa ń fi prednisolone tàbí dexamethasone sí i. Bí a bá ti lò ó fún oṣù púpọ̀, ara á gbàgbé láti máa ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá wá já a sílẹ̀ lójijì, tí iṣẹ́ abẹ sì dé, ìfúnpá lè já wálẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má já a lójijì, ẹ sì má fi pamọ́. Dókítà ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe máa dín in kù, tàbí kí ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ kún ti ọjọ́ náà.

Àwọn oògùn ìrora bíi diclofenac, ibuprofen àti piroxicam: àwọn dókítà sábà máa ń ní kí a dá wọn dúró ní nǹkan bí ọjọ́ 7 ṣáájú, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ẹ lè lo paracetamol láàárín ìgbà yẹn. Àgbo gbogbo, ẹ dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ 2. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sábà máa ń dúró ní ọjọ́ 5 ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹnu dókítà nìkan ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n fún ní aspirin nítorí ọkàn tàbí àrùn rọpá-rọsẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ìkan náà: amlodipine, ẹ máa lò ó títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, lisinopril àti losartan, àwọn dókítà mìíràn máa ń ní kí ẹ fo ti ọjọ́ náà. Ẹ béèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbẹ́rẹ́, fífi omi gbígbóná jó orúnkún, wíwọ́ ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun: gbogbo rẹ̀ dópin ní ọ̀sẹ̀ 6. Awọ ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà wọlé.

Iṣan iwájú itan

Orúnkún tó ń dunni kì í jẹ́ ká lo ẹsẹ̀, iṣan iwájú itan á sì gbẹ. Irin tuntun kò lè gbé ara rẹ̀ dúró. Iṣan yìí ló ń gbé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ̀mẹta lóòjọ́, lórí bẹ́ẹ̀dì tó le.

Ẹ ká ìró kan rìbìtì, ẹ fi sábẹ́ orúnkún, ẹ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ ìró náà mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹ fẹ́ tẹ èèrà pa. Ẹ di í mú, ẹ ka 1 dé 5, ẹ tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ fi ọwọ́ kan iwájú itan: bí kò bá le gan-an, ẹ kò tíì ṣe é. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa gìgísẹ̀ wọ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wá sí ìdí, kí orúnkún ká dé ibi tó bá lè ká dé, kí ẹ tún nà án padà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ tún fún ìdí méjèèjì pọ̀, ka 5. Kí ẹ máa gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè sódò láti ọrùn ẹsẹ̀ ní ogún ìgbà. Èyí ni ẹ ó máa ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹsẹ̀.

Apá náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga olápá, ẹ fi ọwọ́ ti apá àga kí ìdí gbéra díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára kò ní lè lo wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a ń dì mú rìn. Ìrora díẹ̀ kò burú. Bí oríkèé bá wú lọ́jọ́ kejì, ẹ dín iye rẹ̀ kù sí ìdajì.

Kápẹ́ńtà ló kàn

Àpótí ìdáná, ẹní, àti ṣáláńgá ni ọ̀tá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oríkèé fún. Fún ìbàdí tí wọ́n gba ẹ̀yìn ṣe, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, orúnkún kò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí lọ ní ìjókòó, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá lórí èkejì, a kò sì gbọdọ̀ yí ẹsẹ̀ náà sínú. Bí èèyàn bá tẹ̀ jù, orí irin lè yọ kúrò nínú ihò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn dìde dúró pẹ̀lú bàtà. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn láti ilẹ̀ dé ibi tí orúnkún ti ṣẹ́ lẹ́yìn. Ká ní ó jẹ́ ínǹsì 17. Ẹ fi 3 kún un: 20. Ẹ sọ fún kápẹ́ńtà pé kí ìjókòó ga ní ínǹsì 20, kí ó le, kí ó má sì rì; kí apá méjèèjì wà, kí wọ́n ga ní ínǹsì 8 lórí ìjókòó; kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi tìmùtìmù sí i nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, torí ó máa ń rì ní ínǹsì kan tàbí méjì. Fún ilé ìgbẹ́, kí ó ṣe irú àga náà, kí ó gé ihò sí àárín, kí ó yọ etí rẹ̀ dán. Garawa ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú omi díẹ̀ àti Izal. Bí ó bá jẹ́ WC ni ilé yín ní, ohun kan náà láìsí garawa ni kí wọ́n gbé lé e lórí.

Bẹ́ẹ̀dì tí kò bá ga tó, ẹ fi igi gbé e ga, kí wọ́n gbẹ́ kòtò sórí igi kọ̀ọ̀kan kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọ inú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù lásán máa ń yọ̀ dànù lóru.

Ẹ ká ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì kúrò lójú ọ̀nà. Ilé tó wà ní ẹsẹ̀ òkè, bíi ti Ògìdì, ẹ wo gbogbo àtẹ̀gùn tó wà láàárín yàrá àti ìta, kí ẹ fi igi dídì mú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dára ló ń ṣáájú; bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ti iṣẹ́ abẹ ló ń ṣáájú. Iná kì í dúró, nítorí náà kí tọ́ọ̀ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Gíga wọ́kà: kí apá rọ̀ wálẹ̀, kí ọwọ́ ìdìmú wà ní ìbámu pẹ̀lú ọrùn ọwọ́. Sálúbàtà kò dára; bàtà tó bo gìgísẹ̀ tí kò ní okùn ni kí ẹ rà.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀

Lẹ́yìn ti orúnkún, ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ìkúnlẹ̀ kò rọrùn mọ́, kódà lẹ́yìn ọdún kan. Irin kì í tìtorí rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n awọ ojú ọgbẹ́ á máa ta, orúnkún kì í sì í ká tó ti tẹ́lẹ̀. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, ẹ má dán an wò rárá. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ìbàdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀, torí ìgbà tó bá fẹ́ wólẹ̀ àti ìgbà tó bá fẹ́ dìde ló máa tẹ̀ jù.

Ìyá ẹni ọdún 65 tó bá rí ọba tàbí àgbà ìdílé ọkọ rẹ̀ lè kúnlẹ̀ kí ó tó rántí. Nítorí náà kí ọmọ àgbà ilé sọ ọ́ ṣáájú: kí ó pe àwọn àna, kí ó rán ẹnìkan sí ààfin bó bá yẹ, kí ó sọ fún pásítọ̀ àti lèmọ́mù. Kí ó sọ pé dókítà ni ó pàṣẹ. Kí ìyá náà kí wọn ní "Ọ̀kún o" lórí ìdúró, pẹ̀lú orí títẹ̀ba díẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àga olápá ní ìlà iwájú. Fún ìrun, lórí àga náà ni. A ti rí ilé tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yìí bí ohun kékeré, tó sì jẹ́ níbi ìkíni ọjọ́ ìsìnkú ni ìbàdí ti yọ.

Odó gígún pẹ̀lú: aláìsàn kò gún iyán fún oṣù 3, kò sì gbé igi ìdáná lórí. Kí àgbàlagbà kan wà nílé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 12 kò lè gbé àgbàlagbà tó ṣubú.

Fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde

Ẹ wá ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe irú tiyín. Egungun yín máa ń le nínú, ihò mùdùnmúdùn rẹ̀ sì máa ń dí, ó sì ń fẹ́ irinṣẹ́ àti sùúrù ju ti ẹlòmíràn lọ. Dókítà ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú. Wọ́n sábà máa ń gbé PCV dé nǹkan bí 30, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ki jù ń dí òpó. Ẹ má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ yín, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi omi bọ́ yín sára láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gbé ìbora tó nípọn dání. Òtútù yàrá iṣẹ́ abẹ lè fa ìrora náà. Ẹni tó ní ibà tàbí ìrora eegun lọ́sẹ̀ náà, kí ó sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

Kí àwọn tó máa fún yín lẹ́jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ṣáájú: ẹni ọdún 18 sí 65 tó wọ̀n tó kílò 50 ó kéré tán, tí ara rẹ̀ le. Ẹ mú mẹ́rin lọ bí wọ́n bá ní méjì, torí àyẹ̀wò máa ń ju àwọn kan dànù. Ẹ má ra ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró lẹ́nu géètì.

Ẹ gé èékánná, ẹ fọ gbogbo lálì àti kúútẹ́ẹ̀sì kúrò, torí ìka ni ẹ̀rọ ń wò láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀, dúdú lálì sì máa ń dà á láàmú. Irun ẹsẹ̀, ẹ má fi bíléèdì fá a. Ojú ọgbẹ́ tí bíléèdì dá kò ṣe é rí, ṣùgbọ́n kòkòrò mọ̀ ọ́n. Wọn yóò gé e ní ilé ìwòsàn bó bá pọn dandan. Òrí àti àdí kò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ náà láti ọjọ́ 2. Ẹ fi ọṣẹ tí dókítà kọ wẹ̀ ní alẹ́ àti àárọ̀, ẹ wọ aṣọ tó mọ́, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó mọ́.

Ẹ ṣètò ìpadà. Ọkọ̀ tí aláìsàn lè jókòó sí iwájú rẹ̀, tí àga rẹ̀ sún sẹ́yìn dé ìparí, ni kí ẹ wá. Ọ̀kadà kò yẹ, bọ́ọ̀sì tí orúnkún ń kan àga iwájú kò yẹ. Bí ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí ní Ìlọrin, ẹ dúró níbẹ̀ di ọjọ́ 10 sí 14 tí wọn yóò tú okùn ọgbẹ́. Gèréǹgèré ọ̀nà ilé kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọgbẹ́ ọjọ́ 4 fara gbà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ wá, ẹ dúró ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ó rìn díẹ̀. Fún wíwú ẹsẹ̀, omi pure water dídì méjì tí a fi tówẹ́ẹ̀lì wé, ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Alẹ́ àti àárọ̀ ọjọ́ náà

Oúnjẹ dópin ní wákàtí 6 ṣáájú. Ògì, kókó àti mílíìkì, oúnjẹ ni wọ́n. Omi lásán lè dé wákàtí 2 ṣáájú, bí dókítà kò bá sọ yàtọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá sí ọ̀fun nígbà oorun, kó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi àdúrà náà wà nínú òfin yìí, òróró àdúrà náà kò sì gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀. Kí wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹ bọ́ eyín àtọwọ́dá, yẹtí, òrùka àti píìnì irun. Bí ikọ́, ibà tàbí eéwo bá yọjú, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ní àárọ̀ yẹn, bó ti wù kí owó ti jáde tó. Dókítà yóò wá fi bíró sàmì sí ẹsẹ̀ kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn dáhùn fún yín: ẹ sọ orúkọ yín, ẹ fi ọwọ́ yín tọ́ka sí orúnkún tàbí ìbàdí náà, ẹ wò ó bóyá ibẹ̀ gan-an ni àmì náà wà, kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́ oorun.